Àṣàyàn àdánidá: ẹ jẹ́ ká wo lẹ́tà Darwin ná

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o.

Mo ti ka ohun tí a ti sọ lórí ọ̀rọ̀ tí a ó lò fún "natural selection" nínú ìwé sáyẹ́ǹsì àwọn ọmọ girama, ìyẹn bí ẹ̀dá tó bá ibùgbé rẹ̀ mu ṣe ń yè, tó ń bímọ ju ìyókù lọ, títí irú ẹ̀dá náà fi ń yí padà. Ọ̀gá tó bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò yìí ní kó máa jẹ́ "àṣàyàn àdánidá". Àbúrò wa kan fèsì pé "ìyè alágbára" ló tètè yéni jù. N kò fara mọ́ ti àbúrò wa rárá, ìdajì ti ọ̀gá nìkan ni mo sì gbà. Inú lẹ́tà Charles Darwin, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Gẹ̀ẹ́sì tó fún èrò náà lórúkọ, ni ìdí mi wà, torí àríyànjiyàn yìí gan-an lòun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣe.

Lẹ́tà ọ̀hún kì í ṣe díẹ̀. Ọdún 1974 ni iṣẹ́ àtikó wọn jọ bẹ̀rẹ̀. Èyí tó kọ àtèyí tó gbà tó 15,000, ìdìpọ̀ ìwé 30 ni wọ́n sì fi tẹ̀ ẹ́ ní Cambridge. Láti ilé rẹ̀ lábúlé Downe, ní Kent, ló ti ń kọ̀wé sí ọ̀jọ̀gbọ́n, tó sì ń kọ ọ́ sí ológbà àti ẹni tó ń sin ẹyẹlé.

Lọ́jọ́ 2 oṣù Keje 1866, Alfred Russel Wallace kọ̀wé sí i. Wallace yìí ló dá ronú kan èrò kan náà, tí wọ́n fi ka ìwé àwọn méjèèjì pọ̀ ní London lọ́dún 1858. Ohun tó ń dùn ún ni pé àwọn ọlọ́gbọ́n pàápàá ń ṣi ọ̀rọ̀ náà gbọ́: tí wọ́n bá ti gbọ́ àṣàyàn, wọ́n á máa wá ẹni tó ń ṣà. Ó bẹ Darwin pé kó yáa lo gbólóhùn Herbert Spencer, onímọ̀ ọgbọ́n orí ará Gẹ̀ẹ́sì: "survival of the fittest", ìyẹn ìyè ẹni tó bá ibùgbé rẹ̀ mu jù. Nínú ẹ̀dà ìwé Darwin, "On the Origin of Species", tó wà lọ́wọ́ Wallace fúnra rẹ̀, ó tiẹ̀ fa igi lé "natural selection", ó kọ ti Spencer rọ́pò.

Darwin fèsì lọ́jọ́ 5 oṣù yẹn kan náà. Ó gbà pé gbólóhùn Spencer dára, ó sì fi í sínú ìtẹ̀jáde karùn-ún ìwé rẹ̀ lọ́dún 1869. Àmọ́ ó sọ pé gbólóhùn náà ní àléébù ńlá kan: kò ṣeé fi ṣe olùwà kí ọ̀rọ̀-ìṣe tẹ̀ lé e. Ẹ dán an wò lédè wa. "Àṣàyàn ló sọ ìyẹ́ kòkòrò yìí di kékeré" lọ geere. Ẹ wá sọ pé "Ìyè ẹni tó bá ibùgbé rẹ̀ mu ló sọ ìyẹ́ kòkòrò yìí di kékeré." Ṣé ẹ rí i?

"Ìyè alágbára" kúrú lóòótọ́, ṣùgbọ́n irọ́ ló ń pa. Lọ́dún 1855, Darwin àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Joseph Hooker ń kọ̀wé síra wọn lórí kòkòrò ẹlẹ́yìn líle, irú yímíyímí, tó wà ní erékùṣù Madeira. Nínú irú 550 tí wọ́n kà níbẹ̀, 200 ni kò lè fò. Darwin ní èyí tó ń fò dáadáa ni atẹ́gùn ń gbé lọ sókun. Èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kò tó nǹkan, tó ń rá pálá nílẹ̀, òun ló ń yè, tó ń bímọ. Agbára dà níbẹ̀?

Ó ku àdánidá. Ẹ fetí sí i dáadáa: "dá" inú Ẹlẹ́dàá, inú ẹ̀dá, inú ìṣẹ̀dá, ẹ̀ẹ̀mejì ló wà nínú àdánidá. Ẹni tó ń ṣà ni Wallace ń sá fún, àwa tún wá fi ẹni tó ń dá kún un. Mi ò bá ìgbàgbọ́ ẹnikẹ́ni jà. Mò ń sọ pé kí orúkọ ẹ̀kọ́ má ti dáhùn ìbéèrè náà kí ọmọ tó ṣí ìwé.

Lẹ́tà tó kàn wá jù ni èyí tí Darwin kọ sí Heinrich Bronn, ọ̀jọ̀gbọ́n ará Jámánì tó ń túmọ̀ ìwé rẹ̀, ní oṣù Kejì 1860. Bronn ti lo gbólóhùn kan tó jọ "yíyan ọ̀nà ìgbé-ayé". Darwin ní ìyẹn kọ́: ó jọ ẹ̀kọ́ Lamarck, onímọ̀ ará Faransé, pé ìṣesí ẹ̀dá ló ń yí ara rẹ̀ padà, èyí tí òun kò gbà. Ó fi ẹṣin ṣàlàyé, pé àwọn èèyàn ń mú èyí tó yára jù láti ìran dé ìran títí wọ́n fi ní ẹṣin eré ìje. Ó wá béèrè bóyá àwọn tó ń sin ẹran ní Jámánì ní ọ̀rọ̀ tiwọn fún un. Ọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́sìn náà ni Bronn sì lò níkẹyìn.

Àwa náà ní ọlọ́sìn, a ní àgbẹ̀. Àgbẹ̀ tó kórè àgbàdo á mú èyí tọ́mọ rẹ̀ kún dé orí, tí kòkòrò kò jẹ, á so háríhá wọn pọ̀ ní méjì-méjì, á gbé e kọ́ sókè ààrò kí èéfín máa fín in. Ó ń ṣa irúgbìn nìyẹn. Òbúkọ tó gùn, tára rẹ̀ ń dán, ó dá a sí. Ó tẹ ìyókù lọ́dàá. Torí náà, àṣàyàn gbọ́dọ̀ dúró.

Fún ìdajì kejì, ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń pe ẹran ọ̀sìn àti ẹran ìgbẹ́. Mo dábàá "àṣàyàn ọ̀sìn" fún èyí tí olówó ẹran ń ṣe, àti "àṣàyàn ìgbẹ́" fún èyí tí ebi, ọ̀dá, àìsàn àti àwòdì ń ṣe láìsí olówó kankan níbẹ̀. Ohun tí Darwin fẹ́ nìyẹn. Ó sọ fún Wallace pé torí kí méjèèjì lè so pọ̀ lòun ṣe fún wọn ní ọ̀rọ̀ kan náà. Ẹnìkan lè ní ìgbẹ́ ní ìtumọ̀ mìíràn tí kò dùn ún gbọ́. Kò sẹ́ni tó ń rò ó bó bá gbọ́ ẹran ìgbẹ́. Ti ẹja òkun ló le díẹ̀, àmọ́ àìlólówó ni ìgbẹ́ ń tọ́ka sí níbí, ẹja òkun kò sì lólówó.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ẹyẹlé tàbí ajá ọdẹ láàárín wa, mo bẹ̀ yín: tí ẹ bá mú akọ kan sọ́tọ̀ kó lè máa bímọ fún yín, kí lẹ máa ń pè é? Tí kì í bá ṣe ṣíṣà, mo ṣetán láti fi àṣàyàn náà sílẹ̀.