Gẹ̀ẹ́sì tí mo kọ́ nílé kò tó mi lò níbi iṣẹ́, ẹ bá mi dá sí i

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọdún kan àti oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti dé Leeds, iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Mo ka ìwé mẹ́wàá ní Ìsẹ́yìn, mo sì ṣe IELTS, ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì yẹn, kí n tó wá. Àmọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa àti èyí tí àwọn èèyàn yìí ń sọ, àfi bí ọmọ ìyá méjì tí wọn ò jọ gbélé rí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún sọ fún mi pé òun fẹ́ “spend a penny”. Mo gbọ́ “spend”, mo gbọ́ “penny”, mo yára lọ gbé pọ́ọ̀sì wọn wá. Ìyá wo pọ́ọ̀sì, wọ́n wò mí. Wọ́n tún un sọ, ohùn wọn ti ń gbọ̀n. Kí ẹnì kejì mi níbi iṣẹ́ tó yọjú, kó tó sọ fún mi pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni wọ́n fẹ́ lọ, ìtọ̀ ti dà sílẹ̀ lábẹ́ àga. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì bo itan wọn, wọn ò wo ojú mi mọ́. Mo nu ilẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ fún wọn, àmọ́ ọwọ́ méjèèjì yẹn kò kúrò lójú mi títí di òní.

Ìkejì ni ìwé tí à ń kọ sílẹ̀ fún àwọn tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wa. Mo máa ń kọ “he” fún obìnrin. Ọ̀gá mi ní ẹni tó bá ka irú ìwé bẹ́ẹ̀ lóru lè gbé oògùn fún ẹlòmíì.

Mo ra ìwé àkànlò èdè Gẹ̀ẹ́sì kan, mo há àádọ́ta sórí, n kò tíì gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Báwo lẹ ṣe ṣe tiyín?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Manchester

Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá Ìbejì. Láyé ọjọ́un, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìta gbangba nílùú yìí, owó ẹyọ penny kan lèèyàn máa ń jù sínú ilẹ̀kùn kó tó ṣí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. Àwọn àgbà ló ṣì ń sọ ọ́ jù.

Nítorí náà, ẹ gbé ìwé yẹn tì ná. Ẹnu àwọn tí ẹ ń tọ́jú ni kí ẹ ti máa ṣa ọ̀rọ̀. “Poorly” túmọ̀ sí pé ara wọn ò yá. “Gone off my food”, oúnjẹ ò wù wọ́n jẹ mọ́. Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú jù ni “I had a funny turn”. Kò sí ẹ̀rín nínú “funny” yẹn o! Òòyì ló kọ́ wọn, tàbí ó ṣe wọ́n bíi pé wọ́n fẹ́ dákú. Ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ kan ò bá sì yé yín, ẹ bi wọ́n níbẹ̀ náà: “Sorry, what does that mean?” Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Ọmọ mi, mo fi ọdún 31 kọ́ àwọn ọmọ ní Gẹ̀ẹ́sì. Àìmọ̀wé kọ́ ló ń jẹ́ kí o kọ “he”. “Ó” wa kì í yan ọkùnrin yan obìnrin. Kí o tó bẹ̀rẹ̀, kọ “she, her” sí orí ìwé náà. Tí o bá parí, padà kà á, àwọn ọ̀rọ̀ kéékèèké yẹn nìkan ni kí ojú rẹ máa wá.

Ìṣòro tó kù ni ti àsìkò. “Lọ” wa kì í yí padà: mo lọ lánàá, mo máa lọ lọ́la. Tiwọn ń yí. Má há gbogbo gírámà sórí. Ọ̀rọ̀ ìṣe tí ò ń lò nínú ìwé iṣẹ́ rẹ lè má ju ogún lọ: ate, drank, slept, fell, took, refused. Mọ ìwọ̀nyẹn dunjú.

Ọmọ agbègbè yín ni Àjàyí Crowther, ará Òṣoògùn. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ní 1822, Freetown ló ti kọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ní 1843, ìwé tó fi to ọ̀rọ̀ Yorùbá pẹ̀lú ìtumọ̀ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì jáde ní Lọ́ńdọ̀nù. To tìrẹ náà bẹ́ẹ̀: Gẹ̀ẹ́sì lápá kan, Yorùbá lápá kejì, àti orúkọ ibi tí o ti gbọ́ ọ.

Délé Télọ̀, Peckham

Ẹ ṣọ́ra fún “I’m coming” náà. Mo sọ ọ́ fún oníbàárà kan, mo jáde lọ ra òwú. Kò yé e pé mò ń jáde lọ ni. “I’ll be right back” ni kí ẹ máa sọ.

Ọmọ Ìbàdàn, Houston

Ẹnu ló ń dà wá láàmú ju ìwé lọ. Èmi máa ń gba ohùn ara mi sínú fóònù, ìṣẹ́jú márùn-ún lójúmọ́. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé “sip” àti “ship” kò yàtọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ tún dá Yorùbá dúró nínú ilé, kí Gẹ̀ẹ́sì lè ráyè wọlé.

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

Ti fóònù yẹn dára. Ti Yorùbá, rárá o. Yorùbá tó ń bá àwọn ìbejì sọ kọ́ ni kò jẹ́ kó mọ “spend a penny”. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún un rí ni. Ẹ má gba èdè ìyá lẹ́nu àwọn ọmọ yẹn.

Ìyá Ìbejì, Leeds

Ẹ ṣeun gan-an. Yorùbá kò ní kúrò nílé mi. Mo ti ra ìwé kékeré kan tó wọ àpò aṣọ iṣẹ́ mi. Lónìí, bọ́tìnnì ń yọ́ lọ́wọ́ ìyá yẹn, wọ́n ní “I’m all fingers and thumbs”. Mo bi wọ́n níbẹ̀ náà. Wọ́n gbé ọwọ́ wọn sókè, wọ́n fi bó ṣe ń gbọ̀n hàn mí, wọ́n wo ojú mi, wọ́n rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́.

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, àárọ̀ ló ṣẹlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ ni mo ń kọ̀wé. Ṣé “her hands are shaking” ni àbí “were”?

Bàbá Olùkọ́, Ọ̀yọ́

“Were” ni. Kọ aago tó ṣẹlẹ̀ sí i.