Oṣù 18 láìjẹ búrẹ́dì, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi kò tíì dára: báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀?

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Láti ìgbà tí èsì àyẹ̀wò ti dé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni n kò ti lè sùn dáadáa.

Ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún 14. Dublin la wà nígbà tí wọ́n rí i pé ó ní àìsàn coeliac. Ẹni tó bá ní in, tó bá ti jẹ gluten tó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ráì, ara rẹ̀ á máa bá ìfun ara rẹ̀ jà. Ọmọ náà ti rù, inú rẹ̀ ń wú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó. Àyẹ̀wò antibody tTG, èyí tó ń wọn ohun tí ara ń ṣe sínú ẹ̀jẹ̀ nígbà tó bá ń bá ìfun jà báyìí, tí wọ́n ṣe fún un fi 128 hàn. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà tí kò fẹnu kan búrẹ́dì, ó wálẹ̀ sí 41. A dúpẹ́, a sì kó wálé. Ó ti pé ọdún kan báyìí tí a ti wà lọ́dọ̀ màmá mi. Mo rò pé ilé ni yóò rọrùn jù: èbà, ìkọ́kọrẹ́, ẹ̀kọ, mọ́ínmọ́ín, ìrẹsì Ọ̀fadà, kò sí èyí tó ní àlìkámà nínú wọn. Àyẹ̀wò tuntun dé, ó ní 38. Láti 41 sí 38, odidi ọdún kan! Iron inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà ṣì lọ sílẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo rí ọ̀rá bisikíìtì nínú báàgì iléèwé rẹ̀. Mo bínú gan-an. Mo ní ó ń parọ́ fún mi. Ó ní ti ọ̀rẹ́ òun ni. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú, àti ọjọ́ yẹn, "ẹ káàárọ̀ mà" nìkan ló ń bọ́ lẹ́nu rẹ̀ sí mi. Màmá mi sọ pé mo ti le jù.

Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń ṣọ́ ẹni tó ní irú àìsàn yìí? Ṣé àyẹ̀wò kan wà tó lè sọ fún mi pé ó jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́?

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù

Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ẹ kọ́kọ́ bá mi wo ìwé èsì méjèèjì. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye tí wọ́n kọ, wọ́n máa ń kọ iye tí kò yẹ kó kọjá. Mélòó ni ti Dublin, mélòó ni ti ibí?

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjẹ̀bú-Òde

10 ni ti Dublin. 20 ni ti ibí. N kò tilẹ̀ wo apá ibẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Òṣùwọ̀n láàbù kan kì í dọ́gba pẹ̀lú ti òmíràn, bí kóńgò onígàárì kan ṣe máa ń jù ti èkejì lọ nínú ọjà kan náà. 41 níbi tí 10 ti jẹ́ òpin, ó ti lé ní ìlọ́po mẹ́rin. 38 níbi tí 20 ti jẹ́ òpin, kò tó ìlọ́po méjì. A kò lè kó méjèèjì sórí ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n ẹ kò tún lè fi wọ́n sọ pé ọmọ dúró sójú kan. Láti ìsinsìnyí lọ, láàbù kan ṣoṣo ni kí ẹ máa lò.

N kò sọ pé kí ẹ fọwọ́ lẹ́rán o. Ó máa ń gba ọ̀pọ̀ ọmọ ní ọdún kan, ó lè tó méjì, kí ẹ̀jẹ̀ tó dára, àmọ́ bó ti pé oṣù 18 tí ó ṣì wà lókè, ó yẹ kí a wá ibi tí gluten ń gbà wọlé. Ìdàkejì tí àwọn ènìyàn kì í sì í mọ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ tó dára kì í ṣe ẹ̀rí pé ẹnu mọ́. Antibody kì í yára lọ, kì í yára bọ̀. Ẹni tó ń jẹ ìwọ̀nba díẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lè ní èsì tó dára kí ìfun rẹ̀ má sì tíì jiná.

Èyí tí ẹ béèrè wà. Àyẹ̀wò ìtọ̀ àti ti ìgbẹ́ kan wà tó máa ń wá àjẹkù gluten fúnra rẹ̀. Ti ìtọ̀ lè fi ohun tí ènìyàn jẹ láàárín nǹkan bí ọjọ́ kan hàn, ti ìgbẹ́ sì máa ń rí ti ọjọ́ mélòó kan. Wọ́n ń tà á lókè òkun. Ṣùgbọ́n mà, bí ìtọ̀ bá mọ́ lónìí, kò sọ nǹkan kan nípa Sátidé tó kọjá. Tí ẹ bá sì fi ṣe ọlọ́pàá, ọmọ á kàn kọ́ bí a ṣe ń sá fún un ni.

Ní ti iron, ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru coeliac. Ọmọ ọdún 14 lè ti máa ṣe nǹkan oṣù, ibà àti aràn inú náà sì wà. Ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì wà ní Ṣàgámù níbí, ẹ béèrè dókítà àwọn ọmọdé. Kí wọ́n wọn ọmọ, kí wọ́n wo gíga rẹ̀, kí wọ́n sì yẹ iron, vitamin D àti B12 rẹ̀ wò.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́

Ìyá, ẹ má da ara yín láàmú. Àìsàn òyìnbó nìyẹn. Ẹ jẹ́ kó máa jẹ búrẹ́dì díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ á mọ̀ ọ́n.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, n kò lè jẹ́ kí èyí kọjá. Ara kì í mọ̀ ọ́n. Gluten mílígíráàmù 50 lójúmọ́ fún oṣù mẹ́ta ti ba ìfun àwọn tí wọ́n fi ṣe ìwádìí jẹ́. Ègé búrẹ́dì kan ní tó 2,000. Ẹ pín ègé yẹn sọ́nà 40, ìpín kan ṣoṣo ni mò ń wí. Àìsàn òyìnbó kọ́ náà sì ni: àwọn ọmọ Sahrawi ní aṣálẹ̀ Sahara, Áfíríkà wa yìí, ìwádìí tó jáde ní 1999 rí i lára ọmọ tó lé ní márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́

Mo gbọ́, ọmọ mi. Mo dúpẹ́ pé ẹ tọ́ mi sọ́nà.

Ọmọ Ìpẹru

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, èmi alára ni mo ní in. Ó di ọdún mẹ́sàn-án. Ọdún méjì àkọ́kọ́, bí mo bá ti jókòó, dókítà á ní, "Ṣé ò ń tẹ̀lé e?" Màá ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." N kò parọ́. Lọ́kàn mi, búrẹ́dì àti Indomie ni ohun tí wọ́n kà léèwọ̀ fún mi, n kò sì jẹ wọ́n. Ẹ̀jẹ̀ mi kò sì wálẹ̀.

Onímọ̀ oúnjẹ kan ló tú u fó. Kò bi mí pé ṣé mò ń tẹ̀lé e. Ó ní kí n ka gbogbo ohun tí mo fẹnu kàn láti àárọ̀ àná: ta ló sè é, ìkòkò wo, kí ni wọ́n sè níbẹ̀ ṣáájú, kí ni mo fi sìn ín. Ó tún ní, "Ọjọ́ wo ló ṣòro fún ọ jù lọ́sẹ̀ yìí?" Ìbéèrè yẹn ló ṣí mi lẹ́nu. Mo sọ fún un nípa Ojúde Ọba, bí àwọn ẹgbẹ́ mi ṣe gbé àwo kalẹ̀ tí n kò sì fẹ́ kí wọ́n máa wò mí bí aláìsàn. Kò bá mi wí. A jọ wá ohun tí mo lè máa jẹ nílé kí n tó jáde.

Ẹ má dúró de inú rírun náà o. Àwọn mìíràn ń jẹ ẹ́, nǹkan kan kò ṣe wọ́n lójú, ìfun wọn ń bàjẹ́ lábẹ́lẹ̀.

Ọ̀rá bisikíìtì yẹn, ẹ fi í sílẹ̀. Bí ọmọ bá ti gbà pé ìjà ni òtítọ́ yóò bí, kò ní sọ ọ́ fún yín mọ́ láyé.

Ìyá Alákàrà, Òde-Rẹ́mọ

Ẹ káàsán. N kò mọ̀wé ìṣègùn, ṣùgbọ́n mo mọ epo. Ṣé ọmọ yín ń jẹ àkàrà àárọ̀? Ọ̀pọ̀ wa, agbada kan náà la fi ń dín pọfupọfu àti bọ́ọ̀nsì, ká tó da àkàrà sí i. Epo ọ̀sán, epo àná ni nígbà mìíràn. Ẹ̀wà lásán ni àkàrà mi lóòótọ́, àmọ́ ìyẹ̀fun ti wà nínú epo yẹn. Ẹ máa dín tiyín nílé.

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjẹ̀bú-Òde

Ha! Ojoojúmọ́ ni màmá mi ń rà á fún un pẹ̀lú ẹ̀kọ. Iná kì í pa gluten ni?

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù

Kì í pa á, mà. Fífọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ ló ń mú un kúrò. Kí ni màmá fúnra wọn ń jẹ lálẹ́?

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjẹ̀bú-Òde

Sẹ̀mó. Ọmọrogùn kan náà ni wọ́n fi ń ro èbà tirẹ̀.

Nọ́ọ̀sì, Ṣàgámù

Àlìkámà ni sẹ̀mó. Ọmọrogùn igi tó ti ya, tirẹ̀ ni kó ní lọ́tọ̀. Ẹ wo ẹ̀yìn páálí èròjà amọ́bẹ̀dùn pẹ̀lú, àwọn kan ní àlìkámà. Àti èlùbọ́: ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ̀ ọ́ bóyá ẹ̀rọ kan náà ló fi ń lọ àlìkámà.

Bàbá Fẹ̀yìntì, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀ dájú, nítorí ilé iṣẹ́ ọtí ni mo ti fẹ̀yìn tì. Ṣé ọmọ náà ń mu mọ́ọ̀tì? Àwọn ènìyàn máa ń sọ pé ọkà bàbà ni mọ́ọ̀tì Nàìjíríà. Ọdún 1988 ni ọ̀rọ̀ yẹn ti wá, nígbà tí ìjọba ní kí a má kó ọkà báálì wọlé mọ́, tí àwa náà yí sí ọkà bàbà. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbé òfin náà kúrò. Ẹ ka ara ìgò.

Ìyá Ọlọ́mọge, Ìjẹ̀bú-Òde (lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin)

Ẹ kú àdúrótì. Bàbá Ìkẹ́nnẹ́, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Ọkà báálì ló wà lára ìgò náà. Èmi fúnra mi ni mò ń rà á fún un lọ́jọọjọ́ Ìsinmi tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, nítorí ẹnìkan ti sọ fún mi pé ọkà bàbà ni.

Mo wọ yàrá tọ̀ ọ́ lọ, mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní èmi ni mo gbé e fún un lọ́wọ́, òun kọ́. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ló sọ pé lóòótọ́ lòun jẹ bisikíìtì náà, ẹyọ kan, lọ́jọ́ ìbí ọ̀rẹ́ òun, ẹ̀rù ló ba òun láti jẹ́wọ́. A jọ jókòó, a kọ gbogbo ohun tó jẹ lọ́sẹ̀ yẹn sínú ìwé, bí Ọmọ Ìpẹru ṣe wí. Òun ló ń kọ ọ́ báyìí ní alaalẹ́, màmá mi náà sì ń dá sí i. Wọ́n ra ọmọrogùn tuntun, wọ́n so okùn pupa mọ́ ìdí rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ro sẹ̀mó. A ó tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ní láàbù ti ibí kan náà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ la ó rí dókítà ọmọdé nítorí iron yẹn.

Ó ku èlùbọ́. Alálọ̀ tó wà ládùúgbò wa sọ pé gbogbo nǹkan lòun ń lọ̀ sínú ẹ̀rọ kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń lọ èlùbọ́ nìkan ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí ìtòsí, kó bá mi sọ ọ́.