Àwọ̀ kan náà lórí àdìrẹ 60 yáàdì: ìwádìí wo ló yẹ kó ṣáájú?

omo_oroki
Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Oníbàárà kan fẹ́ àdìrẹ 60 yáàdì fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, aró kan ṣoṣo, kò sì gbọdọ̀ yàtọ̀ síra. Yáàdì 10 péré ni ìkòkò ń gbà lẹ́ẹ̀kan. Kí ló yẹ ká dánwò ká tó ki ọwọ́ bọ aró? Ọjọ́ mélòó la ó bu lé iye iṣẹ́?

alaro_igbona
Ẹ kọ́kọ́ pa ṣíbí tì. Ṣíbí kọ́sítíìkì kan (sódà líle tó ń jóni lára) àti ṣíbí háídírò kan (ìyẹ̀fun kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí aró yọ́ sínú omi) kì í wúwo dọ́gba, kọ́sítíìkì sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Ẹ ra òṣùwọ̀n tó ń ka gíráàmù.

Ẹ fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ tẹ́rù (aṣọ òwú funfun tí a fẹ́ pa láró), nítorí ibi tí sítáàṣì bá kù sí, aró kò ní wọ̀ ọ́. Ẹ gé e ní sẹ̀ǹtímítà 10 sí 10, mẹ́rin. Omi lítà 1 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Aró, kọ́sítíìkì àti ìṣẹ́jú kò gbọdọ̀ yí padà. Háídírò nìkan ni kó yí: gíráàmù 2, 4, 6, 8. Lẹ́yìn èyí ni kẹ́ ẹ tó dán ìṣẹ́jú wò. Ẹni tó bá yí méjì pọ̀ kò ní mọ èyí tó ṣe é.

Ẹ má fi bírò kọ nọ́ńbà sára aṣọ, háídírò á pa á rẹ́. Ẹ fi sísọ́ọ̀sì gé etí rẹ̀: ojú kan fún èkíní, méjì fún èkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kó gbẹ kẹ́ ẹ tó dájọ́. Aṣọ tútù máa ń dúdú jù. (Kọ́sítíìkì la ń dà sínú omi o, a kì í da omi lé e lórí: á hó, á sì ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́.)

Tó bá jẹ́ aró èlú, ẹ wo inú ìkòkò. Omi tó dára á rí bí ewé tó fẹ́ rọ, àwọ̀ ewé tó dà pọ̀ mọ́ yẹ́lò. Tó bá ti di búlúù, háídírò ti tán nínú rẹ̀.

teru_funfun
Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ́ tán lórí ìwọ̀n. Ẹ ra gbogbo aró náà lẹ́ẹ̀kan, ẹ pò ó pọ̀ ní gbígbẹ, kẹ́ ẹ tó pín in sọ́nà mẹ́fà. Omi náà, inú táńkì kan ni kó ti wá. Ẹ má pọn ti kànga lónìí kẹ́ ẹ pọn ti bọ́hóòlù lọ́la. Tí àbẹ́là tí a fi ya àwòrán bá ti wà lára aṣọ, omi aró gbígbóná á yọ́ ọ, àwòrán á sì bàjẹ́.

alaro_igbona
Òótọ́ ni. Ti ọjọ́: 3 fún ìdánwò, 7 fún oòrùn. Ẹ fi páálí bo ìdajì aṣọ ìdánwò kan, ẹ sá a, kẹ́ ẹ lè mọ̀ bóyá oòrùn ń pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ẹ fọ òmíràn lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ kọ owó rẹ̀ lọ́tọ̀ sínú ìwé, kí oníbàárà rí i.

teru_funfun
Ẹ gbé aṣọ ìdánwò mẹ́ta lọ síbi iṣẹ́ oníbàárà náà, kí wọ́n wò ó lábẹ́ iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "ṣé ó dára?" Wọ́n á ní ó dára, kí ojú má baà tì yín. Ẹ ní kí wọ́n mú ọ̀kan.

omo_oroki
Ẹ ṣeun gan-an. Tó bá jẹ́ pé tẹ́rù tó nípọn ni wọ́n padà yàn ńkọ́?

alaro_igbona
Ẹ tún gbogbo ìdánwò ṣe lórí ìyẹn gan-an. Ẹ má gbára lé ti tẹ́lẹ̀.