Oríkèé, ojú àti ìtàkùn: kí la ó máa pe ẹ̀yà ara pothos?

Ẹ̀yin olùfẹ́ èdè, ẹ kú iṣẹ́ o.

Nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n dábàá láàárín wa, orúkọ méjì ló wà nílẹ̀ fún pothos, ewéko tí wọ́n máa ń gbé sórí pẹpẹ nínú ilé kí ó lè máa rọ̀ wálẹ̀: "arọ̀wálẹ̀" àti "ìtàkùn ilé". "Ìtàkùn ilé" ni tèmi. Rírọ̀ kọ́ ni ìwà ewéko yìí. Àìrí ohun tí yóò dì mọ́ ló fà á. Ní Moorea, erékùṣù kan nínú Òkun Pàsífíìkì tí ó ti ṣẹ̀, igi ló ń gùn. Bí ó bá ṣe ń gòkè ni ewé rẹ̀ ń fẹ̀ sí i. Bó bá ń rọ̀ wálẹ̀, ewé tuntun á máa kéré sí i. Ẹni tí a bá sọ fún pé "arọ̀wálẹ̀" ni, kò ní rántí ki ọ̀pá bọ inú ìkòkò fún un.

Èyí tó jẹ mí lógún jù ni "ewé gbígbìn", tí wọ́n dábàá fún ohun tí a ń gé láti fi mú òmíràn jáde. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ ká lò ó. Ẹni tó bá já ewé kan ṣoṣo sínú omi lè rí i kó tutù yọ̀yọ̀ fún oṣù púpọ̀, kódà kó ta gbòǹgbò, síbẹ̀ kò ní yọ ẹ̀hù láé, torí kò ní ojú. Ibi tí ọ̀pá ewé, ìyẹn igi tín-ín-rín tó gbé ewé dúró, ti so mọ́ ìtàkùn ni ojú wà. Ibẹ̀ wú díẹ̀ bí oríkèé ìka. Bí ẹ bá fi àtàǹpàkò wá abẹ́ rẹ̀, ẹ ó kan ṣóńṣó kékeré kan tó le, tó ní àwọ̀ igi: gbòǹgbò tó ń dúró de omi nìyẹn.

Nítorí náà, "oríkèé" fún ibi tó wú, "ojú" fún ibi tí ẹ̀hù ti ń yọ, "ègé olóríkèé" fún èyí tí a gé. Àwọn kan fẹ́ "kókó", ṣùgbọ́n kókó náà là ń pe wíwú tí àìsàn fà.

Ẹ wo bí àlàyé ṣe rọrùn wàyí: ẹ fi ọ̀bẹ tó mọ́ gé ìtàkùn ní sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 sísàlẹ̀ oríkèé, kí ègé náà ní oríkèé 2 tàbí 3, ẹ já ewé ìsàlẹ̀ kúrò, torí ewé tó bá wọ omi á jẹrà, ẹ ri oríkèé kan, ó kéré tán, sómi, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ omi lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bí gbòǹgbò bá ti gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3 sí 5, ẹ gbìn ín. Èyí tó bá pẹ́ jù nínú omi máa ń ṣòro fún láti bá ilẹ̀ mu.

"Rọ" nìkan kò tó fún ewé tó sorí kọ́. Ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ títí dé oríkèé kejì. Bó bá gbẹ, tí ìkòkò sì fúyẹ́, òùngbẹ ni: ẹ bomi rin ín. Bó bá ṣì tutù, tí ewé ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, gbòǹgbò ló ń jẹrà. Bẹ́ ẹ bá fà á, awọ rẹ̀ á bọ́ sí yín lọ́wọ́. "Rọ" ti òùngbẹ, "rà" ti omi àpọ̀jù: mo fẹ́ ká pa méjèèjì mọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Ó ku "ọ̀pá ewé". Ẹnìkan ní "ọrùn ewé" dára jù, torí ibẹ̀ ni ewé ti ń yí ojú sí ìmọ́lẹ̀. Ó wù mí. Kí lẹ rí sí i?