Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni kí n ṣe ṣàlàyé àwọn olùdìbò Omaha?

ỌmọỌ̀yọ́_Omaha:
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí n fi ogún ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá lórí rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì nípa ẹkùn ìdìbò wa, ẹkùn kejì ìpínlẹ̀ Nebraska ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìlú Omaha wà. Ohun tó ń rú mi lójú nìyí: lọ́dún 2024, Kamala Harris ló borí níbí nínú ìbò ààrẹ, Don Bacon ti ẹgbẹ́ Republican ló sì borí nínú ìbò aṣojú-ṣòfin. Ọjọ́ kan náà, ìwé ìbò kan náà! Àwọn wo ló ń dìbò báyìí? Ibo ni kí n ti wá wọn?

BàbáTòún:
Àbúrò, iye èèyàn ni kó o kọ́kọ́ sọ, kó o tó dé orí ẹgbẹ́. Nínú ìkànìyàn 2020, nǹkan bí 654,000 èèyàn ló kan ẹkùn kọ̀ọ̀kan ní Nebraska. Káńtì Douglas nìkan (káńtì dà bí ìjọba ìbílẹ̀ tiwa), ìyẹn Omaha àtàwọn tó yí i ká, ní 584,526. Ìwọ̀ oòrùn káńtì Sarpy àti káńtì Saunders ni wọ́n fi kún un. Saunders yìí, ilẹ̀ àgbàdo ni, àwọn Republican ló sì pọ̀ níbẹ̀; ọdún 2021 ni wọ́n fà á wọlé nígbà tí wọ́n tún ààlà pa. Ẹni tó fà á wọlé kò ṣèèṣì o. Èèyàn ibẹ̀ kò pọ̀, àmọ́ níbi tí ìbò bá ti sún mọ́ra, díẹ̀ náà ń tó.

ÌyáÌbejì72:
Èmi ò ní ní kó o jókòó ti kọ̀ǹpútà. Wọ mọ́tò, gba òpópónà Dodge láti etí odò Missouri, kó o máa lọ sí ìwọ̀ oòrùn. Kó o tó kọjá òpópónà 72, àwọn Democrat ló pọ̀ jù. Àríwá ni àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú; Omaha yìí kúkú ni wọ́n bí Malcolm X sí lọ́dún 1925. Ní gúúsù, iṣẹ́ ilé ìpẹran ló kó àwọn ará Poland àti Czech wá láyé àtijọ́. Lónìí, àwọn tó ti Mexico àti Guatemala wá ló gba ibẹ̀. Àwọn ará South Sudan náà pọ̀ nílùú yìí. Wọ́n máa ń kí mi bí ará ilé wọn, èmi náà á sì dáhùn.

Tó o bá wá dé Millard àti Elkhorn: ilé tuntun, ọgbà koríko, mọ́tò méjì níwájú ilé. Mo ti kan ilẹ̀kùn kiri níbẹ̀ rí. Obìnrin kan sọ fún mi pé òun ò fẹ́ rí Trump sójú, àmọ́ Bacon, ọ̀gágun òfuurufú tó ti fẹ̀yìn tì, kò ní wàhálà ní tiẹ̀. Irú obìnrin yẹn lò ń wá.

LagosNiMí:
Kí ló ṣòro níbẹ̀? Lagos náà ṣe é. Oṣù kejì 2023, Peter Obi borí Tinubu ní Lagos. Oṣù kẹta dé, Sanwo-Olu wọlé padà.

BàbáTòún:
Rárá o. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló wà láàárín ìbò méjèèjì ní Lagos, kì í sì í ṣe àwọn kan náà ló jáde. Ní Omaha, ọwọ́ kan náà ló tẹ̀ ẹ́ síbí tó tún tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún. Àbúrò, má gbé ti Lagos sórí rédíò, ìjà ni wọ́n máa fi pè ọ́.

Akọ̀wéKékeré:
Sọ ìdí tí gbogbo ayé fi ń wo ibẹ̀. Láti ìbò 1992 ni Nebraska ti ń pín ìbò electoral rẹ̀ márùn-ún, ìyẹn ìbò ìpínlẹ̀ tí wọ́n fi ń yan ààrẹ: ẹni tó borí ní ìpínlẹ̀ lápapọ̀ gba méjì, ẹni tó borí ní ẹkùn kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gba ẹyọ kan. Obama mú ti Omaha ní 2008, Biden ní 2020, Harris ní 2024. Ọdún 2024 yẹn, pátákó funfun kún iwájú ilé àwọn èèyàn, róbótó búlúù kan ṣoṣo lára rẹ̀, ìyẹn àwọ̀ Democrat, kò sí ọ̀rọ̀ kankan. Lóṣù kẹsàn-án, àwọn Republican fẹ́ yí òfin náà padà. Aṣòfin Mike McDonnell, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Democrat bọ́ sọ́dọ̀ wọn, ló ní òun ò sí níbẹ̀. Bó ṣe forí ṣánpọ́n nìyẹn.

Ní ti nọ́ńbà, lọ sórí ìkànnì àjọ elétò ìdìbò Douglas, kó o mú èsì ibùdó kọ̀ọ̀kan. Kọ iye tí Harris ní síbi kan, iye tí Tony Vargas ti Democrat, tó bá Bacon díje, ní síbi kejì. Ibi tí Vargas bá ti kéré sí Harris gan-an, àwọn tó dìbò fún Harris àti Bacon wà níbẹ̀. Àpapọ̀ gbogbo ẹkùn ò lè fi wọ́n hàn ọ́.

ÌyáÌbejì72:
Kó o sì tètè ṣe é. Bacon ti sọ lọ́dún 2025 pé òun ò ní díje mọ́ ní 2026. Ìgbà yẹn la máa mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń dìbò fún tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀.

ỌmọỌ̀yọ́_Omaha:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Sátidé ni mo máa gba Dodge yẹn. Màmá Ìbejì, ṣé ẹ máa bá mi lọ? Epo mọ́tò wà lọ́wọ́ mi.

ÌyáÌbejì72:
Epo nìkan kọ́. Oúnjẹ ńkọ́?