Orúkọ wo ni ká sọ ọmọ wa?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà. Kubwa, l'Ábújá, ni mò ń gbé. Ará Íńdíà ni ìyàwó mi, ó sì bí obìnrin lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ẹsẹ̀ lọmọ kọ́kọ́ yọ. Bí mo ṣe sọ fún ìyá mi lórí fóònù báyìí, wọ́n ti ń kì í: “Ìgè Àdùbí!” Aládùúgbò wa tó jẹ́ Haúsá ń pè é ní Ladi, torí ọjọ́ tí a bí i.

Ìràwọ̀ ni àwọn àna mi ń wò ní tiwọn, òun ló ń sọ ìró tí orúkọ máa fi bẹ̀rẹ̀. Rohini ni tọmọ yìí: O, Va, Vi tàbí Vu. Wọ́n mú Vidya wá, ìyẹn ìmọ̀. Ó wù mí gan-an, àmọ́ “Fídíà” ni ìyá mi ń pè é, ó sì ń dun ìyá mi fúnra wọn.

Mo wá rí i pé O wà níbẹ̀. Ṣé ká sọ ọ́ ní Oyinkánsọ́lá? Madhu làwọn àna mi ń pe oyin, wọ́n sì ń fi sọ ọmọ. Ìgè wá ńkọ́? Ṣé dandan ni kó wọ ìwé ìbí? Ìkómọ ku ọjọ́ mẹ́ta, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn.