Ta ni kí n máa tẹ̀ lé lórí bí iṣẹ́ ìròyìn ṣe ń yí padà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà oníròyìn. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo wà, ilé iṣẹ́ rédíò kan ni mo ti ń kọ́ṣẹ́ ìròyìn. Mo máa ń ka Nieman Lab, ìkànnì tó ń sọ̀rọ̀ nípa ọjọ́ iwájú iṣẹ́ ìròyìn, tí Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà dá sílẹ̀ lọ́dún 2008. Ó dáa gan-an, àmọ́ ọ̀rọ̀ owó tí àwọn òǹkàwé New York Times ń san lóṣooṣù pọ̀ níbẹ̀ jù. Ta ni yóò sanwó ka ìròyìn lọ́dọ̀ tiwa, níbi tí rédíò ti jẹ́ ọ̀fẹ́? Orí WhatsApp ni ìròyìn ń gbà dé ọwọ́ àwọn ọlọ́jà wa báyìí, ayédèrú inú rẹ̀ kò sì kéré. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kọ̀wé nípa bí ilé iṣẹ́ kékeré tó ń fi Yorùbá ṣiṣẹ́ ṣe lè rówó lórí íntánẹ́ẹ̀tì? Kò dandan kó jẹ́ òyìnbó. Èyí tó ṣeé kà ni mo fẹ́ o, dátà mi kò gbé fídíò.